Bí a ṣe lè yẹ ìwádìí lórí ìtọ́jú eyín àti ẹnu wò kí a tó gbà á gbọ́

Bí eyín bá ń dun ènìyàn ní Ìbàdàn tàbí ní Ìkẹjà, kì í pẹ́ tí gbogbo ilé fi máa ń di oníṣègùn. Ẹnì kan á ní kí ó fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yọ ẹnu, ẹlòmíràn á ní kí ó ki kànáfùrù sínú ihò eyín náà, ẹnì kẹta á sì rán ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì láti ra Ampiclox, kápúsù oògùn apakòkòrò. Ohun tó ti wá kún un láyé ìsinsìnyí ni gbólóhùn tí a ń rí lórí fóònù lójoojúmọ́, pé "ìwádìí ti fi hàn" pé ọṣẹ ìfọyín kan, egbòogi kan tàbí kápúsù kan ń wo eyín sàn. Ìwádìí wà lóòótọ́, ó sì ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ eyín là, ṣùgbọ́n gbogbo ìwádìí kò dọ́gba, àwọn ìbéèrè tó yẹ kí a fi yẹ̀ wọ́n wò kò sì kọjá agbára ẹni tó lè kàwé. Mo fẹ́ sọ àwọn ìbéèrè náà níhìn-ín pẹ̀lú àwọn ìwádìí gidi tí wọ́n ṣe lára ènìyàn, kí ẹ lè máa lò wọ́n fún ara yín àti fún àwọn ọmọ yín.

Kí ẹ tó ka ìwádìí kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ bí àrùn eyín fúnra rẹ̀ ṣe ń rìn tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára eyín máa ń sọ ṣúgà tí a jẹ di ásíìdì, ásíìdì yìí ló sì ń jẹ ara eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lu ihò. Nígbà tí ihò náà bá sún mọ́ ibi tí ẹran rírọ̀ àti iṣan wà láàárín eyín, ẹran náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kò sì ní àyè tí yóò wú sí, nítorí pé ara eyín líle ló yí i ká. Ìdí nìyí tí ìrora náà fi máa ń le tó bẹ́ẹ̀, pàápàá lóru nígbà tí a bá dùbúlẹ̀. Tó bá yá, ẹran inú eyín náà lè kú, ìrora á sì dákẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ó tó di pé ọyún bẹ̀rẹ̀ sí í gbá jọ sí ìdí eyín. Ìdákẹ́jẹ́ àárín yìí ló ń tan ènìyàn jẹ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ eyín. Ohunkóhun tí aláìsàn bá lò ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni yóò gba ìyìn: bí agbo ni ó mu, yóò ní agbo ló wo òun sàn, bí kápúsù ni ó gbé mì, yóò ní kápúsù ni. Kò purọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ló ń sọ, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní kò lo nǹkankan.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi ìwádìí èyíkéyìí lórí eyín ni pé: kí ni wọ́n fi ìtọ́jú yìí wé? Ìròyìn tó bá kàn sọ pé ọgọ́rùn-ún ènìyàn lo oògùn kan, tí ara ọgọ́rin sì yá nínú wọn, kò tíì sọ nǹkankan fún yín, nítorí pé a kò mọ iye tí ara wọn ìbá yá láìlo oògùn náà. Àwọn tí kò lò ó gbọ́dọ̀ wà, kí àrùn wọn sì jọ ti àwọn tó lò ó.

Àpẹẹrẹ tó kàn wá jù lọ ni ìwádìí kan tí àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2000. Wọ́n mú ènìyàn 40 tí eyín ń dùn lọ́wọ́, tí ẹran inú eyín wọn ti wú kọjá ohun tó lè padà sípò ṣùgbọ́n tí kò tíì kú, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì. Apá kan lo pẹnisilíìnì, tó jẹ́ oògùn apakòkòrò, 500 mílígíráàmù ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà fún ọjọ́ méje; apá kejì lo òfìfo, ìyẹn oògùn tó jọ ti àkọ́kọ́ lójú ṣùgbọ́n tí kò ní nǹkankan nínú. Gbogbo wọn ni wọ́n fún ní oògùn ìrora tí wọ́n lè lò bí ó bá nira, wọ́n sì ń kọ bí ìrora wọn ṣe le tó àti iye oògùn ìrora tí wọ́n lò sílẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, ìrora apá méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Bí a bá pín in káàkiri, tábúlẹ́ẹ̀tì ibuprofen 9.2 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lò láàárín àwọn tó gba pẹnisilíìnì, àwọn tó gba òfìfo sì lo 9.6, èyí tí kò yàtọ̀ rárá bí a bá wo bí iye náà ṣe fẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì.

Ẹ wo ohun tó fún ìwádìí kékeré yìí ní agbára. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń lò, nítorí náà ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú oògùn kò lè mú kí ó kọ ìrora tó kéré sílẹ̀. Àwọn tó ń fún un ní oògùn náà kò mọ̀, nítorí náà wọn kò lè fi ojúure wo apá kan ju èkejì lọ. Ohun tí wọ́n wọ̀n sì ni ìrora, èyí tó gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ wọn. Àìlera rẹ̀ náà hàn: ènìyàn 40 kò pọ̀, nígbà tí àwọn olùwádìí Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń kó ìwádìí ìlera jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, sì tún gbogbo ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní 2019, ọ̀kan ṣoṣo yìí náà ni wọ́n rí tó kún ojú òṣùwọ̀n wọn. Ẹni tó bá jẹ́ olóòótọ́ yóò sọ pé ẹ̀rí náà kéré. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa bí àrùn náà ṣe ń rìn tì í lẹ́yìn, torí pé wíwú ẹran nínú àyè tó há ló ń fa ìrora náà, oògùn apakòkòrò kò sì ní agbára láti tú àyè náà sílẹ̀.

Bí ẹ óò ṣe lo ìmọ̀ yìí nìyí. Bí eyín bá ń dùn yín, tí ojú kò wú, tí ara kò sì gbóná, owó tí ẹ fẹ́ fi ra oògùn apakòkòrò yóò wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá fi kún owó tí ẹ óò san fún dókítà eyín, tí yóò ṣí eyín náà kí ó fọ inú rẹ̀ tàbí kí ó yọ ọ́. Oògùn ìrora bí ibuprofen lè gbé yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ẹ kò bá ní ọgbẹ́ inú tàbí àrùn kíndìnrín, tí ẹ kò sì lóyún. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ọrùn bá wú, bí ibà bá dé, bí ẹnu kò bá ṣí dáadáa mọ́ tàbí tí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, níbẹ̀ sì ni oògùn apakòkòrò ti ní iṣẹ́ gidi láti ṣe. Ìwádìí Ohio kò sọ nǹkankan nípa irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fà á débẹ̀. Ìyẹn gan-an jẹ́ ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi gbogbo ìwádìí: àwọn wo ni wọ́n mú wọ inú rẹ̀, ǹjẹ́ àrùn tèmi sì jọ tiwọn?

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni bí wọ́n ṣe pín àwọn ènìyàn náà. Bí dókítà bá ń yan ẹni tí yóò gba ìtọ́jú tuntun fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lè máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tí àrùn wọn kò le, kódà bí kò tilẹ̀ ní èrò burúkú lọ́kàn. Gègé ni ó yẹ kí wọ́n ṣẹ́, kọ̀ǹpútà ló sì sábà máa ń ṣẹ́ ẹ báyìí. Ẹnu tún ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara yòókù kò ní: eyín pọ̀ nínú ẹnu kan ṣoṣo, nítorí náà a lè tọ́jú eyín ọ̀tún ní ọ̀nà kan kí a sì tọ́jú ti òsì ní ọ̀nà mìíràn lára ẹni kan náà, tó ń jẹ oúnjẹ kan náà, tó sì ní itọ́ kan náà.

Irú rẹ̀ ni ìwádìí tí Nicola Innes, dókítà eyín, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Tayside ní Skọ́tlándì. Norna Hall, dókítà eyín kan ní Skọ́tlándì, ti ń fi ìbòrí irin kékeré dé eyín ọmọdé tó ti dihò, láìgún abẹ́rẹ́, láìgbẹ́ eyín náà, láìyọ ibi tó ti jẹrà kúrò; ṣe ni ó kàn ń fi sìmẹ́ńtì eyín lẹ ìbòrí náà mọ́ ọn. Ó dà bí ẹni pé ó ń bo ẹ̀gbin mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà kò sì fẹ́ gbọ́. Innes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá mú ọmọ 132 tí eyín èrìgì méjì tó jọra, ìyẹn eyín ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ, ti dihò lẹ́nu wọn. Gègé ló pinnu eyín tí wọn yóò fi irin dé àti èyí tí dókítà yóò tọ́jú bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún yẹ àwọn ọmọ tí wọ́n ṣì rí wò lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún, ìpín 3 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn eyín tí wọ́n fi irin dé ló ti fa ìrora tàbí ọyún tàbí tó bàjẹ́ débi pé kò ṣe é tún ṣe mọ́, nígbà tó jẹ́ ìpín 16.5 lára àwọn yòókù. Àlàyé rẹ̀ ni pé kòkòrò tí a sé mọ́ inú eyín, tí ṣúgà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè máa bá iṣẹ́ ìbàjẹ́ rẹ̀ lọ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Bí ọmọ yín bá ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́, ó tọ́ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà eyín rẹ̀ bóyá ó mọ ọ̀nà yìí. Ẹ rántí pé eyín àkọ́hù, tí yóò já fúnra rẹ̀, ni wọ́n dán an wò lára rẹ̀, àti pé eyín tí ẹran inú rẹ̀ ti kú tàbí tó ti ní ọyún kò sí lára àwọn tí wọ́n ń fi irin dé. Ẹ tún kíyè sí i pé ọgbọ́n apá ọ̀tún àti apá òsì kò wúlò fún ohun gbogbo: bí ó bá jẹ́ omi tí a fi ń yọ ẹnu ni wọ́n ń dán wò, itọ́ yóò gbé e láti apá kan dé èkejì, ìfiwéra náà yóò sì bàjẹ́.

Ohun tó tún ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni ohun tí wọ́n wọ̀n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olùwádìí ti ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin tí èrìgì wọn ń ṣàìsàn máa ń bímọ láìtó ọjọ́ ju àwọn yòókù lọ, ọ̀pọ̀ sì ti ń sọ fún àwọn aboyún pé bí wọ́n bá fọ eyín wọn lọ́dọ̀ dókítà, oyún wọn yóò pé ọjọ́. Ní 2006, ìwádìí ńlá kan jáde láti Amẹ́ríkà, lára aboyún 823 tí èrìgì wọn ń ṣàìsàn. Wọ́n ha ìdọ̀tí líle kúrò ní ìdí eyín àwọn kan kí oyún wọn tó pé ọ̀sẹ̀ 21; àwọn yòókù gba ìtọ́jú kan náà lẹ́yìn ìbímọ. Èrìgì àwọn tí wọ́n tètè tọ́jú sàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó bímọ láìtó ọjọ́ jẹ́ ìpín 12.0 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tí wọ́n tètè tọ́jú, wọ́n sì jẹ́ ìpín 12.8 láàárín àwọn yòókù, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Ohun méjì tó ń rìn pọ̀ lè jẹ́ pé ohun kẹta, bíi sìgá tàbí àìrówóná, ló ń fa àwọn méjèèjì. Aboyún tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ gba ìtọ́jú, nítorí pé ẹnu rẹ̀ nílò rẹ̀, ìwádìí náà sì rí i pé ìtọ́jú yìí kò pa ìyá tàbí ọmọ lára. Ìlérí pé oyún yóò tipa bẹ́ẹ̀ pé ọjọ́ ni kò sí ẹ̀rí fún. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìwádìí, ẹ wo bóyá ohun tí wọ́n wọ̀n ni ohun tí ẹ ń fẹ́ gan-an, tàbí ohun tó kàn sún mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dé orí orin wa, ìyẹn igi tí a ń rún láti fi fọ eyín. Ní ilẹ̀ Yorùbá, orin àtá àti pákò Ìjẹ̀bú ti pẹ́ lẹ́nu wa, ìwádìí sì pọ̀ tó fi hàn pé omi tí wọ́n fún lára irú igi bẹ́ẹ̀ ń pa kòkòrò tàbí ń dá ìdàgbàsókè rẹ̀ dúró nínú àwo ilé ìwádìí. Àwo yẹn kì í ṣe ẹnu. Nínú ẹnu, itọ́ máa ń fọ oògùn lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn kòkòrò sì máa ń lẹ̀ mọ́ eyín bí ìpele tó nípọn tí ó ṣòro fún oògùn láti wọ̀. Bí ẹ bá rí ìròyìn pé igi kan ń wo àrùn èrìgì, ẹ wò ó bóyá inú àwo ni tàbí ẹnu ènìyàn. Mi ò fi orin wọ́lẹ̀ rárá. Ní 1965, Harald Löe, olùwádìí àrùn èrìgì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dẹ́nmárkì ní kí ènìyàn 12 tí èrìgì wọn dára má ṣe fọ eyín mọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn ti wú, nígbà tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọ́, ó padà sípò. Híha ìdọ̀tí kúrò lára eyín ni iṣẹ́ pàtàkì, orin tí a rún dáadáa tí a sì fi dé gbogbo igun ẹnu sì lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ohun tí pákò lásán kò fún wa ni fluoride, èròjà inú ọṣẹ ìfọyín tó ń dáàbò bo eyín lọ́wọ́ jíjẹrà.

Lórí fluoride yìí, ẹ̀rí kún ọwọ́. Nígbà tí wọ́n kó ìwádìí 70 tó kan àwọn ọmọdé tó ju 42,000 lọ pọ̀ ní 2003, ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride dín jíjẹrà eyín kù ní ìpín 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a tú iye yẹn palẹ̀, nítorí pé irú rẹ̀ ni àwọn tó ń polówó ọjà fi ń dẹ́rù bani. Kò túmọ̀ sí pé ọmọ 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni eyín wọn kò ní dihò mọ́. Ó túmọ̀ sí pé níbi tí ojú eyín mẹ́wàá ìbá ti jẹrà, méje àti ààbọ̀ tàbí díẹ̀ sí i ni yóò jẹrà. Níbi tí àwọn ọmọ ti ń jẹ ohun dídùn lọ́pọ̀lọpọ̀, eyín tí ìyẹn gbà là pọ̀. Níbi tí eyín kì í ti í sábà jẹrà, ó kéré. Bí ẹ bá rí ìpín nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ máa béèrè pé nínú mélòó. Fún ìlò ilé, ẹ wo ara páálí tàbí ẹ̀yìn túùbù, kí ẹ sì ra èyí tí fluoride rẹ̀ wà láàárín 1000 sí 1500 ppm (ìyẹn ìdá nínú mílíọ̀nù kan). Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò nílò ju ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan lọ, kí àgbàlagbà sì wà níbẹ̀ bí ó bá ń fọ ọ́.

Ẹ má ṣe gbàgbé ìpalára. Omi tí a fi ń yọ ẹnu tó ní oògùn apakòkòrò chlorhexidine nínú ń dín ìdọ̀tí eyín kù lẹ́nu ènìyàn gidi, ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó lọ títí, ó máa ń sọ eyín di aláwọ̀ ilẹ̀, ó sì ń yí bí oúnjẹ ṣe ń dùn lẹ́nu padà. Ìwádìí tí kò bá sọ ohun búburú kankan tí ìtọ́jú náà fà, ẹ fura sí i. Ẹ wo ẹni tó sanwó rẹ̀ náà. Owó ilé iṣẹ́ kò sọ ìwádìí di irọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi ojú tó mú kà á.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé wọn yóò ní kí ẹ̀yin fúnra yín tàbí ọmọ yín wọ inú ìwádìí, bóyá ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ní UCH Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ilé-Ifẹ̀, tàbí níbòmíràn tí ẹ ń gbé lókè òkun. Ẹ má ṣe sá, ẹ má sì ṣe kánjú. Ìtàn fi hàn wá ìdí tí ìlànà fi wà. Ní Vipeholm, nítòsí Lund ní Swídìn, láàárín àwọn ọdún 1940, wọ́n fún àwọn aláìsàn tí ọpọlọ wọn kò pé ní súìtì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín láti mọ bí ṣúgà ṣe ń ba eyín jẹ́. Eyín ọ̀pọ̀ wọn bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ṣì wà nínú ìmọ̀ràn tí dókítà eyín ń fún wa lónìí, pé iye ìgbà tí a ń jẹ ohun dídùn láàárín oúnjẹ léwu ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tó fi eyín wọn san owó ẹ̀kọ́ náà. Ó dùn mí pé a kò lè dárúkọ wọn kí a dúpẹ́.

Lónìí ní Nàìjíríà, ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ìwádìí ìlera, tó ti wà láti 2007, sọ pé ìgbìmọ̀ tí kò sí lára àwọn olùwádìí náà gbọ́dọ̀ yẹ ìwádìí wò kí ó sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ náà hàn yín. Ẹ béèrè ìtọ́jú tí ẹ óò gbà bí ẹ bá kọ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ ń pàdánù nǹkankan. Ẹ béèrè bóyá ó ṣeé ṣe kí gègé gbé yín sí apá òfìfo, àti ohun tí wọn yóò ṣe bí ìrora bá le níbẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tí yóò san owó ìtọ́jú bí ohun tí wọ́n fi sí yín lẹ́nu bá ṣe yín léṣe. Bí Yorùbá bá yé yín ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá. Ìbuwọ́lù lábẹ́ ohun tí kò yé ènìyàn kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kúrò nígbàkúùgbà láìsọ ìdí, ìtọ́jú tó tọ́ sí yín gẹ́gẹ́ bí aláìsàn kò sì gbọdọ̀ dín kù nítorí rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ẹ gba ẹ̀dà ìwé ìyọ̀ǹda náà, kí ẹ sì béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ ìwádìí náà sílẹ̀ ní gbangba, bóyá ní Pan African Clinical Trials Registry, àkójọ ìwádìí tó wà ní Gúúsù Áfíríkà, tàbí ní ClinicalTrials.gov, irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ti Amẹ́ríkà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn, ẹ lè rí ohun tí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ wọ̀n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi wé ohun tí wọ́n gbé jáde nígbà tí wọ́n parí. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìwádìí náà. Orúkọ wọn àti ọ̀nà tí ẹ lè gbà bá wọn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé ìyọ̀ǹda tó wà lọ́wọ́ yín.